Àrokò Kò Dá Rìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Mólékù Tí Ń Gbé Àbùdá Wọ Inú Sẹ́ẹ̀lì

Ìfáàrà

Láyé àtijọ́, bí ọba tàbí ìjòyè kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè, àrokò ni ó máa ń dì. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí ó ránṣẹ́ sí; ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó ti jókòó nínú kíláàsì àṣà tí kò mọ èyí. Ẹni tí àwọn olùkọ́ kì í sábà mẹ́nu bà ni ikọ̀ tí ó ru àrokò náà. Òun ni yóò la igbó kọjá, òun ni yóò bọ́ lọ́wọ́ oníbodè, òun ni yóò sì yà fún ọlọ́ṣà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ ẹrù tí ó rù. Síbẹ̀, bí ikọ̀ bá kú sọ́nà, bí ó ti wù kí ọgbọ́n inú àrokò náà jinlẹ̀ tó, owó ẹyọ lásán ni nínú koríko.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá a mu gan-an. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ń ṣe iṣẹ́ kan tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ nígboro: iṣẹ́ dídá mólékù tí yóò ru DNA tàbí mRNA wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn láìṣe sẹ́ẹ̀lì náà léṣe. Àwọn ènìyàn ń gbọ́ nípa àrokò. Wọn kì í gbọ́ nípa ikọ̀. Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù tí ó gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 2021 nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, àti ìrètí àsọdùn tí ó gbòde láti ọdún 2023 nípa ìwòsàn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ní ipa tirẹ̀ láti kó nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí nìkan.

Ògiri ọ̀rá

Awọ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ènìyàn ká, bí ògiri ti í yí agbo ilé ká. Inú yàrá kan nínú agbo ilé yìí ni DNA wà, okùn gígùn tí ó ru àbùdá tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ ṣe purotéènì kan, kì í gbé odidi okùn náà jáde kúrò ní yàrá. Ìpín tí ó bá nílò ni yóò dà kọ sórí mRNA, mRNA yóò sì jáde lọ jíṣẹ́ fún àwọn tí ń mọ purotéènì lóde yàrá. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, sẹ́ẹ̀lì a já a sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹnu rán ọmọ kì í di ara ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni mRNA rí.

Bí oníṣègùn bá wá fẹ́ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti ìta, wàhálà dé. Inú ẹ̀jẹ̀ kún fún èròjà tí ń jẹ mRNA run kíákíá. Èyí tí kò bá run yóò dé ìdí ògiri ọ̀rá, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí, nítorí pé DNA àti mRNA fẹ́ràn omi, wọ́n sì ru agbára mànàmáná irú èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi àmì ìyọkúrò hàn. Ọ̀rá kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyè, gẹ́gẹ́ bí epo kì í ti í gba omi mọ́ra nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́: wọ́n yọ ohun búburú kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun rere dípò. Ọ̀nà yìí ṣì wúlò títí di òní fún àwọn àrùn kan. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ti mọ fáírọ́ọ̀sì ní ọ̀tá tipẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan kú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n fún un ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí ìjà tí ara rẹ̀ bá fáírọ́ọ̀sì náà jà. Láti ìgbà náà ni ojú túbọ̀ ti là sí ọ̀nà kejì, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ọwọ́ dá ikọ̀ tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì rárá.

Láti inú ọṣẹ dé inú sẹ́ẹ̀lì

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú ti rí ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà láìmọ̀. Omi eérú àti epo ni wọ́n ń pò pọ̀ lórí iná. Mólékù tí ó jáde láti ibẹ̀ ní orí àti ìrù: orí fẹ́ràn omi, ìrù fẹ́ràn ọ̀rá, ìdí sì nìyẹn tí ọṣẹ fi ń bọ́ epo kúrò lára àwo. Ṣùgbọ́n orí ọṣẹ ru àmì ìyọkúrò gẹ́gẹ́ bíi ti DNA. Kò lè dì í mú. Ní ọdún 1987, Philip Felgner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California gbé mólékù kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DOTMA. Ìrù méjì ni ó ní, àwọn ìrù náà sì jọ ti ọ̀rá oléíìkì tí ó pọ̀ nínú epo pupa. Orí rẹ̀ ni wọ́n yí padà: wọ́n fún un ní àmì àròpọ̀. Nígbà tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ DNA, òdìkejì fa òdìkejì, ọ̀rá wé mọ́ okùn náà, sẹ́ẹ̀lì inú ìgò ìwádìí sì gbà á wọlé. (Ẹyọ mẹ́fà inú àrokò, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí ìfàmọ́ra, kò jìnnà sí èyí.) Ní ọdún 1989 ni wọ́n fi irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ gbé mRNA wọlé pẹ̀lú. Ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, Jean-Paul Behr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1995 pé mólékù gígùn kan tí kì í ṣe ọ̀rá, tí òun náà lè ru àmì àròpọ̀ púpọ̀, lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tí ó dára nínú ìgò kò dára bẹ́ẹ̀ nínú ara. Mólékù tí ó ru àmì àròpọ̀ ní ìgbà gbogbo a máa lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá bá pàdé nínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ṣe sẹ́ẹ̀lì léṣe. Ikọ̀ tí ń bá gbogbo ará ọjà jà kò lè dé ààfin.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti yọ gan-an nìyí, ó sì yẹ kí olùkọ́ dúró níbẹ̀ kí ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Pieter Cullis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, pẹ̀lú àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà, wá ọ̀rá tí ìwà rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó bá wà. Nínú omi kíkan, orí rẹ̀ ń ru àmì àròpọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, tí pH rẹ̀ jẹ́ 7.4, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ru àmì kankan. Nítorí náà, inú omi kíkan ni wọ́n ti ń po ọ̀rá àti mRNA pọ̀, kí ọ̀rá lè di ẹrù náà mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń mú kíkan náà kúrò, tí ikọ̀ yóò sì di onírẹ̀lẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó bá dé ara sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì yóò gbé e mì sínú àpò kékeré kan. Àpò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, nítorí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń da oúnjẹ rẹ̀ ni. Kíkan yìí ni yóò jí ọ̀rá náà: yóò tún gbé àmì àròpọ̀ rẹ̀ wọ̀, yóò rọ̀ mọ́ ọ̀rá ara àpò, yóò ya àpò náà, ẹrù yóò sì bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ fi pa á run ni ó fi ráyè jáde.

Àṣeyọrí náà kò pé o. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo àbájáde rẹ̀ fínnífínní ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé nínú 100 ẹrù tí ó wọ inú àpò, bí 1 tàbí 2 péré ni ó ń ráyè bọ́ jáde. Àwọn yòókù ń ṣègbé síbẹ̀. Síbẹ̀, ìba díẹ̀ yìí tó fún iṣẹ́ púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Onpattro, oògùn àkọ́kọ́ tí ó fi irú ọ̀rá yìí gbé RNA kúkúrú wọ inú ẹ̀dọ̀ láti dá purotéènì aṣebi kan dúró. Pẹ̀lú ọ̀rá ayíwàpadà yìí, oríṣi ọ̀rá mẹ́ta mìíràn ni wọ́n ń pò mọ́ ẹrù náà, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì wà lára wọn. Hóró kan ohun tí wọ́n pò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí ẹgbẹ̀rún kan bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ju nínípọn ewé ìwé kan lọ.

Ẹ̀rù ọdún 2021

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ikọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àjẹsára Pfizer àti ti Moderna fi yá kánkán ní ọdún 2020. Kì í ṣe pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti orí òfo gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ti rò. Katalin Karikó àti Drew Weissman, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2023, ni wọ́n ti wá ọ̀nà tí ara kò fi ní bínú sí mRNA. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì sì ti pèsè ọ̀rá tí yóò rù ú. Wọ́n tilẹ̀ fi ìsopọ̀ tí ara lè tètè já sínú ìrù àwọn ọ̀rá tuntun náà, kí wọ́n má baà pẹ́ nínú ara.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2021, mílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n àjẹsára Moderna gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà. Ahesọ ti ṣáájú rẹ̀ dé: wọ́n ní yóò yí àbùdá ẹni tí ó bá gbà á padà. Ó rọrùn láti fi àwọn tí ó gba ahesọ náà gbọ́ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n lò. Bí alálàyé bá pe DNA ní àbùdá, tí ó sì tún pe mRNA ní àbùdá, kí ni olùgbọ́ yóò rò nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé abẹ́rẹ́ yìí ń gbé àbùdá wọ ara? Èdè kọ́ ni ó kùnà. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pèsè ọ̀rọ̀ ni kò tíì pèsè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àrokò ni wọ́n pe mRNA, tí wọ́n sì ṣàlàyé pé ikọ̀ ọ̀rá kò gbé e kọjá àgbàlá dé inú yàrá tí DNA wà, pé wọ́n ń ka àrokò náà níta yàrá tí wọ́n sì ń dà á nù lẹ́yìn kíkà, àgbàlagbà tí kò kàwé rí yóò lóye rẹ̀. Yóò tilẹ̀ béèrè ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání: ta ni ikọ̀ yìí, kí ni wọ́n fi ṣe é, níbo ni yóò gbà jáde nínú ara?

Owó àìsí ikọ̀

Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ni àìmọ̀ ń bí. Ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó kan ilé àwọn olùkọ́ jù lọ. Àjọ ìlera àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2006 pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà, 24 ni ó ru àbùdá náà, àti pé bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ṣì kọ nínú ìpín DNA tí ó ń ṣe purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Àṣìkọ yẹn ni ó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, kí ó há sí ojú iṣan, kí ọmọ máa ké ìrora egungun ní òru.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ní Bìrìtéènì, àti ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń jẹ́ Casgevy. Ìròyìn tàn pé ìwòsàn ti dé. Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà á ni kò ní ìrora náà mọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdí rẹ̀. Wọn kò ní mólékù tí ó lè ru iṣẹ́ àtúnṣe náà lọ bá sẹ́ẹ̀lì orísun ẹ̀jẹ̀ nínú mùdùnmúdùn egungun. Nítorí náà, wọ́n ń fa sẹ́ẹ̀lì náà jáde kúrò lára aláìsàn, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ àkànṣe, wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣí ògiri ọ̀rá rẹ̀ kí irinṣẹ́ àtúnṣe lè ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún aláìsàn ní oògùn líle tí ó ń pa sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú mùdùnmúdùn rẹ̀ run, oògùn tí ó lè gba agbára ọmọ bíbí lọ́wọ́ ènìyàn, kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì tuntun padà sí i lára. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò lò ní ilé ìwòsàn. Apá ńlá nínú owó yẹn, owó àìsí ikọ̀ ni.

Kí ló dé tí ọ̀rá àjẹsára kò fi lè ṣe é? Ibí ni àfiwé àrokò ti já, ó sì dára kí olùkọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú kíláàsì. Ikọ̀ ayé àtijọ́ mọ ojúlé tí ó ń lọ. Ọ̀rá yìí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, purotéènì kan tí ń gbé ọ̀rá kiri a so mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ a sì gbà á bí ẹni tí ó gba ọ̀rá oúnjẹ. Gbogbo ọ̀nà já sí ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn ọdún 2018 fi yọrí, nítorí ẹ̀dọ̀ ni àrùn tí ó ń wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ní ọdún 2025, nígbà tí àwọn dókítà ní Philadelphia ròyìn bí wọ́n ṣe fi ọ̀rá gbé irinṣẹ́ àtúnṣe àbùdá tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo. Àrùn inú ẹ̀dọ̀ ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Mùdùnmúdùn egungun jìnnà sí ọ̀nà yẹn. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní ìlú yẹn kan náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn so purotéènì tí ó mọ sẹ́ẹ̀lì orísun ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá náà, ó sì dé mùdùnmúdùn eku. Eku ni o. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn yìí, tí ó bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ náà bóyá òun lè ta ilé bàbá òun kí òun fi gba ìtọ́jú, yẹ ní ẹni tí a sọ òtítọ́ yìí fún pátá: àrokò ti wà, ikọ̀ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, àti pé ní báyìí, àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí ó tó di ìgbéyàwó, oògùn háídróksíyúríà láti ọwọ́ dókítà àti ìtọ́jú déédéé ni ó wà ní àrọ́wọ́tó.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ka Yorùbá

Àwọn kan yóò ní kí a fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún àwọn oní-sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì; òbí ń béèrè ní èdè Yorùbá; láàárín àwọn méjèèjì ni ahesọ ti ń rí ilé gbé. Iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, kí ó sì yè kooro. Ìjọba àpapọ̀ gba irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé òun pa á tì. Ìkéde yẹn bà ní nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kò dí kíláàsì aáyan ògbufọ̀ lọ́wọ́. Kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ máa fi àyọkà nípa ọjà alẹ́ nìkan dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lọ́dọọdún. Ojú ìwé kan péré nípa bí ọ̀rá ṣe ń ru àrokò wọ inú sẹ́ẹ̀lì yóò dán ìmọ̀ wọn wò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìperí ni ó kù. Ó yẹ kí ‘àbùdá’ dúró fún ohun tí DNA ru nìkan, kí mRNA sì máa jẹ́ ‘àrokò’. Ohun tí ó rù ú lè jẹ́ ‘ikọ̀ ọ̀rá’. Mólékù tí ń yí àmì rẹ̀ padà nínú kíkan ni ó ṣòro jù láti sọ lórúkọ. ‘Ọ̀rá ayíwàpadà’ tí àpilẹ̀kọ yìí lò kò burú, ṣùgbọ́n ó dún bí ẹni pé ọ̀rá náà jẹ́ aláìṣòótọ́, bẹ́ẹ̀ ibi tí ó wà ni ó ń bá lò. ‘Ọ̀rá alágẹmọ’ sàn jù ú lọ, nítorí ọmọdé mọ ohun tí alágẹmọ ń ṣe bí ó bá kúrò lórí ewé bọ́ sórí èèpo igi. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì gbé e lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, kí wọ́n wò ó bóyá àwọn ọmọ yóò lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé fún àwọn òbí wọn nílé, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.